Ọwọ́ Kẹta: Bí A Ṣe Ń Fi Àjákù Irin Ṣe Fáìsì Tí A Ó Fi Hun Ojú Okùn Wáyà

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ wẹ́dà àti àwọn tó ń fi wíǹṣì, ẹ̀rọ tó ń ká okùn láti fa ẹrù, ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin nìyí. Mo tún un kọ fún ẹni tí kò sí níbẹ̀, mo sì fi ìbéèrè tí wọ́n bi mí kún un.

Àsàláámù àláékùn o. Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tí ẹ fi ọjọ́ ìsinmi yín sílẹ̀ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ irin, ẹ kú ìjókòó.

Irin ló fún ìlú yìí lórúkọ. Àwọn àgbà sọ fún wa pé òkúta kan wà ní Ìdí-Àpẹ́ tí àwọn tó kọ́kọ́ tẹ̀dó síbí ń lọ irin wọn lórí rẹ̀, pé Ìlọ-irin ni orúkọ náà kó tó di Ìlọrin. Èmi kò mọ iṣẹ́ mìíràn ju irin lọ, inú mi sì dùn pé ibí ni mo ti ń sọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Okùn wáyà ni ọ̀rọ̀ mi. Kì í ṣe gbogbo okùn náà, orí rẹ̀ ni: ibi tí a ti ká a padà kó lè di ojú tí ìkọ́ yóò wọ̀. Ibẹ̀ ni okùn ti ń ṣe ènìyàn léṣe. Okùn tó já láàárín, mo ti rí i, kò ju ẹ̀ẹ̀mélòó kan lọ. Èyí tó yọ lójú, n kò lè ka iye rẹ̀ mọ́.

Ẹ wo iye ẹ̀mí tó rọ̀ mọ́ ojú okùn ní agbègbè wa yìí lójoojúmọ́. Ọkọ̀ agbégẹdú tó ń ti ìhà Òkè-Òde àti Òkè-Onígbìn-ín bọ̀, okùn wáyà ni wọ́n fi fa igi sórí rẹ̀. Tírélà tó bá dojú dé lọ́nà Jẹ́bbà, okùn wáyà la ó fi gbé e dìde. Àwọn tó ń gbẹ́ kànga káàkiri ilẹ̀ Ìgbómìnà, àwọn tó ń na òpó ẹ̀rọ tẹlifóònù ró, àwọn mẹkáníìkì tó ń yọ ẹ́ńjìnnì lábẹ́ igi máńgòrò, ojú okùn kan náà ni gbogbo wọn gbójú lé.

Ẹni tó bá wo okùn wáyà lókèèrè yóò rò pé irin kan ṣoṣo ni. Ẹ tú orí rẹ̀ wò. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ wa ni èyí tí wọ́n ń kọ 6x19 sí: fọ́nrán 6 ló yí okùn kan ká láàárín, wáyà tín-ín-rín 19 ló sì wà nínú fọ́nrán kọ̀ọ̀kan. Wáyà 114 nìyẹn. Okùn àárín lè jẹ́ okùn lásán tí wọ́n ti rì sínú gírísì, ó sì lè jẹ́ okùn wáyà kékeré. Bí ẹrù bá ti fà á, fọ́nrán mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á máa fún mọ́ra, á sì máa yọ̀ lára ara wọn. Nítorí náà ló ṣe nílò gírísì.

Ọmọ Jámánì kan, Wilhelm Albert, ló ṣe irú okùn yìí fún iṣẹ́ ìwakùsà ní Clausthal, ní àwọn òkè Harz, ní 1834. Ṣéènì ni wọ́n fi ń fa ẹrù jáde nínú kòtò tẹ́lẹ̀. Ìṣòro ṣéènì ni pé bí ojú kan bá já, gbogbo rẹ̀ ti já nìyẹn, kò sì ní kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Albert lọ́ wáyà irin 4 pọ̀ di fọ́nrán, ó sì lọ́ fọ́nrán 3 pọ̀ di okùn. Ọwọ́ ni wọ́n fi lọ́ ọ, kò sí ẹ̀rọ kankan. Bí wáyà kan bá já nínú rẹ̀, àwọn yòókù ṣì ń gbé ẹrù, ẹni tó ń ṣọ́ ọ yóò sì rí èyí tó já kí ọ̀ràn tó bẹ́. Mo fẹ́ kí èyí wọ̀ yín lọ́kàn: okùn wáyà máa ń sọ̀rọ̀ kó tó já. Àwa la ń fi ìdè burúkú sọ ọ́ di odi.

Ọ̀nà tó yá jù láti ṣe ojú ni kí a ta okùn ní kókó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Bí ìdajì agbára okùn ló ń bá kókó lọ, wáyà tó bá sì ti kán níbẹ̀ kò ní nà bọ̀ sípò mọ́.

Ọ̀nà kejì ni kílíìpù, èyí tí gbogbo yín mọ̀: irin kan tó tẹ̀ bíi lẹ́tà U, ìjókòó kan tó nípọn, nọ́ọ̀tì méjì. Kílíìpù kò burú. Àìmọ bí a ṣe ń dè é ló burú. Ìlú ẹlẹ́ṣin ni Ìlọrin, ẹ jẹ́ kí n fi ẹṣin ṣàlàyé rẹ̀. Apá okùn tó ń fa ẹrù ni ẹṣin tó ń sáré. Òun la gbọ́dọ̀ gbé gàárì lé, ìyẹn ìjókòó tó nípọn yẹn. Apá kúkúrú tí a ká padà kò lọ síbì kankan, òun ni kí U máa jẹ. Bí ẹ bá yí i sódì, U á jẹ apá tó ń ṣiṣẹ́, á pa á lára, ojú náà á sì máa yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ẹrù.

Mo mọ èyí dunjú nítorí pé èmi fúnra mi dè é sódì rí. Nínú igbó kan ní apá gúúsù ìpínlẹ̀ wa, a ń fa igi apá kan gun orí ọkọ̀. Kílíìpù mẹ́ta, mo yí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sódì, ọkàn mi sì balẹ̀ nítorí pé mo ti fún nọ́ọ̀tì wọn le gan-an. Igi náà gbéra, ó dúró, ó tún gbéra. Mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí wọ́n bá fa aṣọ ya, okùn náà sì ta padà wá. Ó gbá ọmọ iṣẹ́ mi lójúgun. Ó rìn padà, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n títí di òní, bí mo bá rí i tó ń gun àtẹ̀gùn, ibòmíràn ni mo ń wò. Ọjọ́ náà ni mo pinnu pé mo máa kọ́ híhun, ìyẹn kí a tú fọ́nrán orí okùn, kí a sì máa kì wọ́n bọ abẹ́ fọ́nrán ara okùn náà.

Kílíìpù tó dára, tí a dè bó ṣe yẹ, yóò gbé bí 80 nínú 100 agbára okùn. Ojú tí a fi ọwọ́ hun yóò gbé bí 90 nínú 100 lára okùn 6 mm, bí 88 lára okùn 10 mm, yóò sì lọ sílẹ̀ sí bí 82 lára okùn 19 mm. Ẹ rí i pé ìyàtọ̀ kò pọ̀. Ohun tó mú mi fẹ́ràn híhun ni pé kò ní nọ́ọ̀tì tí yóò tú. Nọ́ọ̀tì kílíìpù, ẹ gbọ́dọ̀ tún un fún lẹ́yìn tí okùn bá ti gbé ẹrù àkọ́kọ́, nítorí okùn á ti fún mọ́ra, á ti tín-ín-rín sí i. Mélòó nínú wa ló ń rántí?

Bàbá kan ló kọ́ mi. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ okùn nínú ọkọ̀ ojú omi l'Ékòó kó tó fẹ̀yìn tì wá sí Òmù-Àrán. Ọwọ́ rẹ̀ le bí páànù. Ohun tí ó kọ́kọ́ sọ fún mi ni pé kíkì fọ́nrán bọ abẹ́ fọ́nrán kò ṣòro, ọmọdé lè kọ́ ọ lọ́sẹ̀ kan. Ọrùn okùn ni iṣẹ́ wà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọrùn. A máa ń fi irin oníkòtò kan sínú ojú okùn, èyí tó rí bí omijé tó fẹ́ kán: ó yípo lókè, ó ṣóńṣó nísàlẹ̀. Tímbù ni à ń pè é. Òun ni kì í jẹ́ kí ìkọ́ jẹ okùn, òun náà ni kì í jẹ́ kí okùn kán. Okùn á gba inú kòtò rẹ̀ yípo, apá méjèèjì á sì pàdé ní ibi tó ṣóńṣó. Ibi ìpàdé yẹn ni ọrùn. Bí àyè bá wà níbẹ̀, tó kàn fẹ̀ tó orí ìṣó, tímbù á máa mì nínú ojú, lọ́jọ́ kan á fò jáde. Okùn wáyà kò sì fẹ́ ká. Ó ń ta padà bí sípíríǹgì. Ẹni tó bá fi ọwọ́ kan dì í mú ní ọrùn, ọwọ́ kan ṣoṣo ló kù fún un, ìlu, irin tí a fi ń ya fọ́nrán sọ́tọ̀, àti fọ́nrán sì ń béèrè ọwọ́ méjì.

Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń hun aṣọ òfì ní ìlú yìí. Òwú tó nà lọ jìnnà níwájú ahunṣọ, òkúta ló wà ní ìparí rẹ̀ tó ń fà á. Ahunṣọ kò lè máa hun kó tún máa fa òwú. Òkúta yẹn ni ọwọ́ kẹta rẹ̀, láìsí i aṣọ yóò rí wérewère. Ohun tí àwa náà nílò nìyẹn.

Bàbá tó kọ́ mi yẹn, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ àti igi ló ń lò. Á yí okùn mọ́ ọrùn, á ki igi bọ inú rẹ̀, á máa lọ́ igi náà títí ọrùn á fi pa mọ́ra, á sì so igi náà mọ́ ara okùn kó má bàa tú. Ó ṣiṣẹ́, mo ṣì ń lò ó nínú igbó. Ṣùgbọ́n ó ń yọ̀ lára okùn tó ní gírísì, kò sì lè ti tímbù láti òkè. Fáìsì orí tábìlì tí gbogbo yín ní, irin tó ń fi sùkúrù di nǹkan mú, ẹ̀gbẹ́ méjì ló ń tẹ̀; bí ẹ bá fi tímbù sí i, tímbù á yí bìrí lẹ́nu rẹ̀, tàbí kó pẹlẹbẹ. Fáìsì tí wọ́n dìídì ṣe fún okùn wáyà wà nílẹ̀ òkèèrè, sùkúrù mẹ́ta ló ní: méjì láti ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan láti òkè. Iye tí wọ́n ń tà á, ọ̀gá tó ní ọmọ iṣẹ́ márùn-ún á ronú kó tó rà á. Nígbà tí mo rí àwòrán rẹ̀ báyìí, mo sọ fún ara mi pé kò sí ohun tó wà lára irin yìí tí wẹ́dà Ìlọrin kò lè ṣe.

Mo ti ṣe mẹ́rin báyìí. Èyí tí mo gbé wá yìí ni ẹ̀kẹrin, ohun tí mo kọ́ lára mẹ́ta àkọ́kọ́ wà nínú rẹ̀.

Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni irin ṣánẹ́ẹ̀lì, èyí tó ní ilẹ̀ àti ògiri méjì. Ìbú rẹ̀ 100 mm, ògiri rẹ̀ 50 mm, gígùn rẹ̀ 300 mm. Ẹni tó ń kan géètì ńlá tàbí òrùlé ilé ìjọsìn máa ń gé irú rẹ̀ sọ nù. Ìdí tí mo fi yan ṣánẹ́ẹ̀lì ni pé agbára sùkúrù ẹ̀gbẹ́ fẹ́ máa ya ògiri méjèèjì kúrò lára ilẹ̀. Bí a bá jó ògiri mọ́ ilẹ̀ fúnra wa, ibi tí a jó ni yóò máa jìyà. Ti ṣánẹ́ẹ̀lì, láti ilé iṣẹ́ ni ó ti jẹ́ irin kan náà. Àwọn kan á fẹ́ lo sípíríǹgì ọkọ̀ àtijọ́ nítorí pé ó nípọn. Ẹ má lò ó. Ó le jù láti lu ihò sí, ibi tí a bá sì jó lára rẹ̀ máa ń ṣẹ́ bí àwo.

Ẹ wọn 110 mm láti ìparí kan, kí ẹ sàmì sí ògiri méjèèjì ní bí 28 mm sókè láti ilẹ̀, kí ẹ lu ihò 17 mm síbẹ̀. Ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n. Bí ihò méjèèjì kò bá kojú ara wọn gan-an, wọ́n á lọ́ tímbù dípò kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi irin pẹlẹbẹ tó nípọn ní 12 mm dí ìparí tí ẹ ti wọn yẹn, kí ẹ sì lu ihò 17 mm kẹta sí àárín rẹ̀, ní gíga kan náà. Irin yẹn ni sùkúrù òkè yóò máa tì, nítorí náà ẹ jó o nínú àti lóde, ẹ lo ẹlẹ́kitíróòdù géèjì 10, kì í ṣe 12 tí ẹ fi ń jó wíńdò.

Bóòtù 16 mm mẹ́ta ni sùkúrù wa, àwọn tí tíréèdì wọn, ìyẹn ìlà tó yí bóòtù ká, dé ọrùn, tí wọ́n gùn tó 100 mm. Nọ́ọ̀tì méjì-méjì ni kí ẹ jó sí ẹ̀yìn ihò kọ̀ọ̀kan, nítorí nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo á tètè jẹ. Ẹ ti bóòtù gba inú nọ́ọ̀tì méjèèjì kọjá kí ẹ tó jó wọn, kí tíréèdì wọn lè bára mu, kí ẹ sì fi gírísì pa bóòtù kí iná má bàa lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó bá rí jáàkì ọkọ̀ kékeré tó ti bàjẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ta àjákù irin, èyí tó ń ká bí alákàn, ayọ̀ ni fún un. Sùkúrù inú rẹ̀ ní tíréèdì tó nípọn, tó tẹ́jú, tí a ṣe fún iṣẹ́ líle. Mo lo irú rẹ̀ fún sùkúrù òkè, kò tíì jẹ rárá.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni ohun tí yóò kan okùn, òun ni mo sì máa ń pẹ́ lé lórí jù. Ẹ gé irin pẹlẹbẹ 40 mm sí 40 mm, mẹ́ta. Ẹ la páìpù omi onílàjì ìnṣì sí méjì lóòró, kí ẹ jó ìlàjì kọ̀ọ̀kan mọ́ iwájú rẹ̀, kí kòtò rẹ̀ máa gba okùn. Ẹ fi fáìlì gé gbogbo etí tó mú, nítorí etí tó bá há wáyà kan ti ba okùn jẹ́ kó tó ṣiṣẹ́ ọjọ́ kan. Mo tún máa ń fi páìpù bàbà pẹlẹbẹ tẹ́ inú kòtò náà, irú èyí tí àwọn tó ń tún fìríìjì ṣe ń gé dànù. Bàbà rọ̀ ju wáyà lọ, òun ni yóò gba àpá.

Ẹnu sùkúrù gbọ́dọ̀ máa yí láìyí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ jó páìpù kékeré kan sẹ́yìn ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ife, kí ẹnu bóòtù lè wọ̀ ọ́. Ẹ fi gíráńdà ṣe ẹnu bóòtù róbótó, kí ẹ gé ọrùn yí i ká, kí ẹ sì gba ìṣó kọjá lára ife náà kó lè wọ inú ọrùn yẹn. Bóòtù á máa yí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á dúró, bí ẹ bá sì tú bóòtù, á fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ padà. Ìmúdání ni ọ̀pá 12 mm, 150 mm ní gígùn, tí a jó mọ́ orí bóòtù. Ẹ má jẹ́ kó gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ọwọ́ tó gùn á jẹ́ kí ẹ tẹ tímbù pa.

Mo fẹ́ dá dúró díẹ̀ lórí páìpù omi yẹn. Síńkì ló wà lára rẹ̀. Bí iná bá kàn án, èéfín funfun tó ń jáde á wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, lálẹ́ ọjọ́ náà ara á máa gbóná, òtútù á máa mú ni bí ẹni tó ní ibà. Gbogbo wa ló mọ̀ ọ́n, gbogbo wa la sì ń mu mílíìkì sí i. Mílíìkì ń gba ọ̀nà oúnjẹ lọ, èéfín ti gba ọ̀nà èémí lọ. Wọn kò pàdé. Ẹ fi gíráńdà fá síńkì náà dànù kí ẹ tó jó o, kí ẹ bo imú, kí ẹ jó o ní gbangba, kí atẹ́gùn máa gbé e kúrò lójú yín. Mo ń bẹ̀ yín lórí èyí ju gbogbo ìyókù lọ, nítorí mo ń wo ọjọ́ orí àwọn tó jókòó síwájú.

Ohun tí mo kọ́ lára èyí àkọ́kọ́: ìlu kò ríbi gbà. Ògiri ṣánẹ́ẹ̀lì ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn okùn, ọwọ́ mi ń gbá a, mo fi ọjọ́ kan hun ojú kan. Nítorí náà, láti 40 mm lẹ́yìn ihò ẹ̀gbẹ́, ẹ gé ògiri méjèèjì kúrò títí dé ìparí kejì, kí ilẹ̀ nìkan kù. Ẹ fi igi líle tẹ́ ilẹ̀ náà lábẹ́ tímbù, ìrókò tàbí apá, kí àárín okùn lè bá àárín sùkúrù dọ́gba. Mo jó ẹsẹ̀ páìpù sí abẹ́ tèmi, mo sì ri ẹsẹ̀ náà mọ́ inú rímù ọkọ̀ tí mo da kọnkéré sí. Kò lè ṣubú. Gbogbo rẹ̀, n kò ná owó àpò sìmẹ́ńtì méjì lórí rẹ̀, nítorí pé àjákù ni ohun tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ó ku lílò. Fún okùn 10 mm, ẹ fi 60 cm sílẹ̀ fún ìrù. Ẹ fi wáyà rírọ̀ tí àwọn bẹ́ńdà fi ń di irin dì í síbẹ̀ gírígírí, kí ẹ sì di orí fọ́nrán kọ̀ọ̀kan kó má bàa fọ́n ká. Ẹ yí okùn mọ́ tímbù, ẹ gbé e sáàárín ẹ̀rẹ̀kẹ́. Sùkúrù òkè la kọ́kọ́ ń yí títí tí orí tímbù á fi jókòó sínú okùn, lẹ́yìn náà ti ẹ̀gbẹ́, méjèèjì díẹ̀díẹ̀, ọ̀tún, òsì, títí ọrùn á fi pa mọ́ra. Ẹ fa apá tó gùn kó nà tọ́ọ́rọ́, kí ẹ so ó mọ́ òpó. Ẹ wá tú fọ́nrán mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹ gé okùn àárín kúrò.

Ìlu yín lè jẹ́ sukúdíráfà ńlá àtijọ́ tí a lọ̀ kó pẹlẹbẹ, láìsí etí tó mú. Nínú ọ̀nà tí à ń pè ní Liverpool, fọ́nrán kìíní á wọlé ní ọrùn lábẹ́ fọ́nrán mẹ́ta. Èkejì á gba ẹnu kan náà, ṣùgbọ́n lábẹ́ méjì. Ẹ̀kẹta á gba ibẹ̀, lábẹ́ ẹyọ kan. Ẹ̀kẹrin, ẹ̀karùn-ún àti ẹ̀kẹfà, kálukú á wọ abẹ́ fọ́nrán kan tó tẹ̀lé e. Láti ibẹ̀, fọ́nrán kọ̀ọ̀kan á máa yí ẹnì kejì rẹ̀ ká nígbà mẹ́rin sí i. Lẹ́yìn ìpele àkọ́kọ́, ẹ tún fún sùkúrù ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, ẹ ó rí i pé ó ṣì gbà. Bí ẹ bá parí, ẹ yọ ọ́ nínú fáìsì, ẹ mì í létí yín. Bí tímbù bá dún, ẹ gé e dànù kí ẹ tún un hun. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ aláwọ, ẹ wọ awò ojú. Orí wáyà kò ju abẹ́rẹ́ lọ, ojú ló sì máa ń wá.

Liverpool ní àìlera kan tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Fọ́nrán rẹ̀ ń yí sí ìhà kan náà tí okùn fi lọ́, nítorí náà bí ẹrù bá lè máa yí lófuurufú, ó lè máa tú u bí ẹni ń tú ìdérí ìgò. Fún igi tí à ń wọ́ nílẹ̀, fún wáyà òpó, ó dára. Fún ẹrù tó rọ̀ sórí ìkọ́ tó ń yí fúnra rẹ̀, rárá.

Ibi tí owó pípamọ́ dópin nìyí o. Fáìsì wa kò gbé ẹrù kankan. Bí ó bá ṣẹ́, orí ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ti ṣẹ́, a ó tún un jó. Nítorí náà la ṣe lè fi àjákù ṣe é. Ṣùgbọ́n okùn, tímbù, ìkọ́, ẹ ra tuntun. Okùn 10 mm tó dára kì í já kí ẹrù tó tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 5. A ó yọ ohun tí ojú híhun jẹ kúrò, a ó sì pín ìyókù sí márùn-ún kí ààbò lè wà. Ẹrù tó yẹ fún un kò ju bí kílò 880 lọ, kó dín díẹ̀ gan-an ló dára. Àpò sìmẹ́ńtì 17 nìyẹn. Tí ẹ bá fẹ́ dán ojú tuntun wò, ẹ gbé iye ẹrù tó yẹ fún un, ẹ má kọjá ìdámẹ́rin lé e, ìyẹn àpò 21. Àwọn kan á ní kí a gbé ìlọ́po méjì. Ti ojú tí ẹ̀rọ fi agbára tẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ti ojú tí a fi ọwọ́ hun.

Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ wẹ́dà ló kọ́kọ́ béèrè ìbéèrè. Ó ní ṣé òun lè fi fáìsì yìí tẹ òrùka alumíníọ́mù mọ́ okùn, kí òun má bàa hun ún rárá. Mo sọ fún un pé ìbéèrè tó dára ni, ṣùgbọ́n kò ṣeé ṣe. Ìyẹn ń fẹ́ ẹ̀rọ tó ń tẹ irin pẹ̀lú agbára ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀nù, nínú ihò tí ìwọ̀n rẹ̀ bá òrùka náà mu. Bóòtù 16 mm yóò kàn sọ òrùka di pẹlẹbẹ, ẹni tó bá wò ó yóò rò pé ó ti mú.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan béèrè bóyá òun lè fi téèpù dúdú wé ibi tí a hun, kó má máa gún ọwọ́. Mo ní kó lo wáyà rírọ̀ ti bẹ́ńdà, kó sì fi gírísì sí i. Abẹ́ téèpù ni omi ń sá sí, ibẹ̀ ni ìpẹtà ti ń jẹ okùn níbi tí ojú kankan kò ti lè rí i.

Ẹni tó béèrè kẹ́yìn ni bàbá kan tó ń gbẹ́ kànga. Ó dìde, ó kí gbogbo wa, ó ní, «Ọ̀gá, ṣé mo lè fi sọ ọmọ mi kalẹ̀ sínú kànga?» Mo ní, «Rárá, Bàbá. Fún ènìyàn, okùn tí ilé iṣẹ́ ti ṣe ojú rẹ̀, tí wọ́n sì kọ iye tó lè gbé sí lára, ni kí ẹ rà. Ẹ má fi tèmi ṣe é, ẹ má fi ti ẹnikẹ́ni nínú wa ṣe é.» Ó ní ti garawa yẹpẹ̀ wá ńkọ́. Mo ní garawa náà, ẹni tó wà nísàlẹ̀ kò ní ibòmíràn láti dúró sí ju abẹ́ rẹ̀ lọ. Nítorí náà kí ojú okùn jẹ́ ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ wò láràárọ̀. Ibi tí fọ́nrán kan ti yí okùn ká lẹ́ẹ̀kan ni kí ẹ mú, kí ẹ ka wáyà tó já nínú rẹ̀. Bí ó bá tó 6, tàbí bí ó bá tó 3 lára fọ́nrán kan ṣoṣo, okùn yẹn ti parí iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀.

Bàbá náà jáde lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀, ó sì gbé okùn rẹ̀ wọlé. Okùn 8 mm ni, ó gùn, ara rẹ̀ ṣì dára, ẹ̀gbẹ́ tímbù nìkan ló ti dúdú. Mo fi àkísà nù ún, ọmọbìnrin wẹ́dà yẹn sì bá wa kà á sókè: méje, lára fọ́nrán kan. A wọn mítà kan kúrò lórí okùn náà, a dì í lápá méjèèjì, a gé e. Bàbá gbé orí tuntun náà sínú fáìsì fúnra rẹ̀, ó yí sùkúrù òkè, ó yí ti ọ̀tún, ó yí ti òsì, àwọn ọmọ iṣẹ́ sì sún mọ́ ọn.